Pélébé Tí Ń Tú Àṣírí Onígbáméjì

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò gba ìtìjú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àrùn onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀. Erékùṣù Èkó wa yìí wà lára àwọn àdúgbò tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, pẹ̀lú Etí-Ọ̀sà, Ìkòròdú àti Kòsọ́fẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, tí ó jẹ́ Kọmíṣọ́nà fún ètò ìlera nígbà náà, sọ pé irú tí à ń pè ní O1 ni.

Ọ̀nà tí ó dájú láti mọ kòkòrò yìí ni kí wọ́n gbé ìgbẹ́ aláìsàn lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n tọ́ kòkòrò inú rẹ̀ nínú àwo títí yóò fi pọ̀ tó ohun tí ojú lè rí. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni èyí ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni onígbáméjì tí ó bá le lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní alátọ̀gbẹ nílé ti mọ irú ẹ̀rọ tí ó yá ju èyí lọ. A ta ẹ̀jẹ̀ kán sí pélébé, èròjà ara pélébé náà dá ṣúgà mọ̀, ẹ̀rọ kékeré sì ka iye rẹ̀. Biosensor ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Leland Clark ará Amẹ́ríkà àti ẹnìkejì rẹ̀ Lyons ni wọ́n fi ọ̀nà náà lélẹ̀ ní 1962.

Pélébé onígbáméjì jẹ́ ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ. A ó ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgbẹ́ olómi náà, omi yóò sì máa gùn ún bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Èròjà tí ó mọ kòkòrò onígbáméjì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù wà lára rẹ̀. Bí ó bá bá a pàdé, ìlà yóò yọ. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó ti parí. Ìlà kan wà tí ó gbọ́dọ̀ yọ nígbà gbogbo. Bí èyí kò bá yọ, pélébé náà kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n mú òmíràn.

Ìyá kan tí ń ta ẹja létí omi níhìn-ín ní Èbúté Èrò sọ fún mi pé òun yóò dúró de ìlà náà kí òun tó fún ọmọ òun ní ohunkóhun. Mo ní, "Màmá, ẹ fún un lómi ná!" Pélébé lè ṣì í: ó lè rí àrùn níbi tí kò sí, ó sì lè fo èyí tí ó wà. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a máa fi ṣọ́ àdúgbò, kì í ṣe kí a fi pinnu ìtọ́jú ẹnìkan. Bí ìlà bá yọ ní ilé méjì mẹ́ta, àwọn onílera yóò tètè wá yẹ kànga wò, èyí sì ṣe pàtàkì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ti fún mọ́ ilé, tí kànga kò sì jìnnà sí ṣáláńgá.

(Ẹ má fi wé àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń sọ gbogbo ibà di táífọ́ọ̀dù. Ìyẹn kò wá kòkòrò rárá. Ohun tí ara fi bá kòkòrò jà ló ń wá, ó sì lè jẹ́ ti ìjà àtijọ́.)

Nítorí náà, bí ìgbẹ́ bá ń ya bí omi ìsanrẹsì, ẹ po ORS lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá sí, lítà omi kan tí a ti sè tí ó sì ti tutù, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ máa fún un mu bí ẹ ti ń gbé e bọ̀ lọ́nà. Ẹ má kọ́kọ́ ra kápúsù lọ́wọ́ alágbàtà, nítorí ó lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Bí ẹ bá sì ń gbé ìgbẹ́ bọ̀, inú ike mímọ́ tí ó ní ìdérí ni, kí ẹ má sì fi Izal fọ ike náà, nítorí yóò pa kòkòrò tí a fẹ́ wá.