Láti Àlòsọnù dé Àlòyípo: Ohun Àlòkù àti Ọrọ̀-ajé Ìlú Èkó

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí. Nígbà tí àwọn àgbà ń pa òwe yìí, ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn wà. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, eérú ààrò àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ a jẹrà, a di ilẹ̀dú, ẹ̀fọ́ àti ata a sì hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n. Ààtàn ìlú Èkó òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ti Olúṣósùn, lágbègbè Ọ̀jọ́ta, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1992, fẹ̀ tó nǹkan bí 100 éékà, pàǹtírí ibẹ̀ sì ti di òkè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iná ńlá sọ níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì bo àwọn àdúgbò tí ó yí i ká. Ìṣirò tí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ náà sábà máa ń lò ni pé pàǹtírí tí Èkó ń dà nù lójúmọ́ kan ṣoṣo tó nǹkan bí 13,000 tọ́ọ̀nù. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí yóò gbé yẹ̀wò ni ọ̀nà tí ohun tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti lò fi lè padà sẹ́nu iṣẹ́ dípò kí ó parí sí ààtàn, àti ìdí tí ọ̀nà náà, tí ó ti là dé ìdajì ní Èkó, fi gé síbẹ̀.

Orúkọ àti Ìtumọ̀

Ètò ọrọ̀-ajé tí ó gbòde ní àwọn ìlú ńlá ayé kò ṣòro láti ṣàpèjúwe: a wa ohun àmúṣọrọ̀ inú ilẹ̀, a fi ṣe ọjà, a lò ó, a sì sọ ọ́ nù. Ètò kejì ń fẹ́ kí ọjà pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó, kí ó ṣeé tún ṣe, kí ẹ̀yà ara rẹ̀ wúlò fún òmíràn, kí èyí tí kò bá sì wúlò mọ́ padà di ohun èlò fún iléeṣẹ́ tàbí oúnjẹ fún ilẹ̀. Orúkọ Yorùbá tí yóò bá ètò kejì yìí mu kò tíì fìdí múlẹ̀. ‘Ọrọ̀-ajé àyíká’ kò dára tó, nítorí pé ‘àyíká’ ti di ọ̀rọ̀ fún ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ tí ó yí ènìyàn ká. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣì í gbọ́. Èdè Yorùbá sì ti ní ‘àlòkù’, tí a ṣẹ̀dá láti ara ‘lò’ àti ‘kù’ pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘à-’. Lórí ìlànà kan náà, ètò kìíní lè jẹ́ ‘àlòsọnù’, kí èkejì sì jẹ́ ‘àlòyípo’.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé yíyọ́ ike àti irin ni gbogbo àlòyípo. Èrò yìí kò tọ̀nà. Yíyọ́ ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Bí fóònù kan bá bàjẹ́, tí a sì tún un ṣe, gbogbo làálàá àwọn tí ó wa bàbà rẹ̀, tí ó ṣe gíláàsì rẹ̀, tí ó tò ó pọ̀, ṣì wà nínú rẹ̀. Bí a bá yọ́ ọ, ìwọ̀nba irin díẹ̀ ni ó kù, làálàá yòókù ti bá iná lọ. Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ èyí. Igbá tí ó fọ́ ni wọ́n ń lu kásẹ̀ fún; ọkọ́ tí ó ti jẹ tán pátápátá ni ó ń padà sínú iná alágbẹ̀dẹ. Ìhá ẹyìn di ògùṣọ̀, eérú sì di ọṣẹ dúdú. Kò yẹ kí a fi èyí ṣe fáàrí jù, ṣá: ọ̀wọ́n ohun èlò ni ó kọ́ wọn, àti pé kò sí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nígbà náà. Igbá mọ bí a ti ń jẹrà, ọ̀rá kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn Tí Ó Ń Yí I Po

Bí a bá ń wá àlòyípo ní Èkó, ọjà ni kí a kọ́kọ́ lọ. Ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè yọ ojú fóònù kan, kí ó fi bátìrì òmíràn sí i, kí ó sì jó wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ pọ̀ lábẹ́ awò amúǹkantóbi. Lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ ọ. Bákan náà ni ti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ní Muṣin, ti irin ní Owódé Onírin, ti rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù ní Alábà. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí ó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra irin àti ike àlòkù, àti àwọn tí ó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn gan-an. Ojú wọn ti mọ bí a ti ń pín in: bàbà lọ́tọ̀, agolo lọ́tọ̀, ike líle lọ́tọ̀, ọ̀rá lọ́tọ̀, páálí lọ́tọ̀. Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń tà á fún alágbàtà, alágbàtà a sì tà á fún iléeṣẹ́. Ní ọdún 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola dá Wecyclers sílẹ̀, tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù gba ike àti agolo lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará ilé, tí ó sì ń fi àmì-ẹ̀yẹ tí ó ṣeé pààrọ̀ sí ẹ̀bùn san án fún wọn. Olùkọ́ tí ó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tọpasẹ̀ agolo kan ṣoṣo láti ilé dé iléeṣẹ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ Yorùbá fún gbogbo ìpele yìí wà lẹ́nu ọjà, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé.

Ibi Tí Ọ̀nà Gé

Àlòyípo lè yí, kí ó sì máa pani. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò abánáṣiṣẹ́ àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dọọdún, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò ṣeé tún ṣe ni àwọn ọmọkùnrin ń dáná sun kí wọ́n lè rí bàbà inú wáyà rẹ̀, èéfín rẹ̀ ni wọ́n sì ń fà símú. Ní Ògìjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́bàá Ìkòròdú, ìwádìí àwọn oníròyìn ní ọdún 2025 fi hàn pé òjé láti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ ògbólógbòó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò. Bátìrì náà kò ṣòfò; ọmọdé ni ó ru ohun tí ó ná wa. Òfin kan ti wà láti ọdún 2011 tí ó ní kí àwọn tí ó ń ṣe ohun èlò abánáṣiṣẹ́ tàbí tí ó ń kó o wọlé kópa nínú gbígbà á padà. Ibi ìmúṣẹ òfin ni iṣẹ́ kù sí.

Ti oúnjẹ ni a kì í sábà mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ ohun jíjẹrà ni ó pọ̀ jù nínú pàǹtírí Èkó. Tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ń ti òkè ọya bọ̀ wá sí Mile 12 nínú ọkọ̀ ńlá. Èyí tí ó rà lọ́nà, àti èèpo èyí tí a jẹ, ń lọ sí ààtàn. Níbẹ̀, lábẹ́ ẹrù tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, ó ń di gáàsì methane, tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti carbon dioxide lọ ní ìlọ́po 25 ó lé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Oko tí ó ti wá kò rí nǹkan kan gbà padà. Àgbẹ̀ ń ra ajílẹ̀ mìíràn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti gbé ìgbésẹ̀ kan lórí ike. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ó kéde òfin tí ó de ike funfun fífúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ó fẹ òfin náà dé orí àwọn ike àlòsọnù mìíràn. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ìdènà tí ó tóbi jù wà. Àpò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé ń kó ohun gbogbo sí. Ọkọ̀ akólẹ̀ a tẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn, omi ọbẹ̀ a rin páálí, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ike. Ohun tí ó jẹ́ owó nígbà tí ó kúrò ní ilé ìdáná ti di ẹ̀gbin kí ó tó dé Olúṣósùn. Ẹni tí ó ń ṣà á níbẹ̀ ń fi ọwọ́ lásán tú ohun tí ilé kọ̀ láti yà sọ́tọ̀, iye tí ó ń rí sì kéré nítorí pé ọjà rẹ̀ ti dọ̀tí.

Ní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣàlàyé ètò rẹ̀ láti ti ààtàn Olúṣósùn pa, kí wọ́n sì kọ́ ibi tí a ó ti máa ya pàǹtírí sọ́tọ̀. Ètò náà yẹ, nítorí iná àti èéfín. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ìyàtọ̀ ike kan sí èkejì nípa fífọwọ́kàn lásán ti wà lórí òkè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí àwọn ẹ̀rọ tuntun yóò wà ṣe pàtàkì. Bí a ó ṣe fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ìbọ̀wọ́, òṣùwọ̀n àti owó oṣù níbẹ̀ ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọwọ́ wọn ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà wà.