Olórin, Ilé-Iṣẹ́ Ńlá àti Àwọn Olùgbọ́: Ọ̀rọ̀ Àwo “Dear You”

Bí olórin bá kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré tí ń gbé àwo rẹ̀ jáde, tí ó lọ bá ilé-iṣẹ́ ńlá, ǹjẹ́ ó ti da àwọn tí ó kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ bí? Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ Jawbreaker, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1995.

Ẹni mẹ́ta ni wọ́n. Blake Schwarzenbach ni ó ń kọrin, tí ó sì ń ta gìtá. Chris Bauermeister ni ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Adam Pfahler sì ni onílù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ni ó gbé àwo wọn mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde. Lójú àwọn olùfẹ́ orin pọ́ńkì, èèwọ̀ ni ilé-iṣẹ́ ńlá, nítorí pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ẹgbẹ́ náà pàápàá ti sọ ní gbangba pé àwọn kò ní í lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo Nirvana ti ọdún 1991 àti ti Green Day ti ọdún 1994 tà ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú wọn kiri. Jawbreaker tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú DGC, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Geffen. “Dear You” sì jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995. Rob Cavallo, tí ó bá Green Day ṣe “Dookie”, ni ó darí iṣẹ́ náà.

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Inú bí àwọn olùgbọ́. Wọ́n ní ohùn Schwarzenbach tí ó ti máa ń ha tẹ́lẹ̀ ti wá dán jù, wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ilé-iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀nà ọ̀fun ṣáájú àdéhùn yìí. Àwọn olùwòran mìíràn tilẹ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú ìtàgé, wọ́n kẹ̀yìn sí àwọn olórin. Àwo náà kò tà bí a ti retí, ẹgbẹ́ náà sì tú ká ní ọdún 1996.

Ní ọdún 2004, Pfahler tún àwo náà gbé jáde láti ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Blackball. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò bá wọn dá sí ìjà àtijọ́ ti fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún jọ ṣeré ní Riot Fest, ní ìlú Chicago.

Ìdájọ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìdájọ́ lórí àdéhùn àti ìdájọ́ lórí orin. Ẹni tí ó bá wọn wí pé wọn kò pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́ kò ṣìwí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ bóyá orin dára tàbí kò dára. Ìgbà tí ìbínú rọlẹ̀ ni etí tó ráyè gbọ́ orin.