OJÚ LỌBA ARA: Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢỌ́ OJÚ ÀWỌN ỌMỌ WA

Ẹ̀yin òbí wa, bí ibà bá mú ọmọ, kíá ni a ń wá oògùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ojú, a ó ní yóò lọ fúnra rẹ̀. Ní Ṣómólú àti Bàrígà wa yìí, ohun mẹ́rin wà tí ó yẹ kí á máa kíyè sí.

Èkíní ni ojú yíyún. Eruku àti èéfín máa ń dá a sílẹ̀. Kì í ràn, ó sì sábà máa ń lọ bí ọmọ bá ń bàlágà. Ewu rẹ̀ ni oògùn tí a ń rà ní kẹ́míìsì láìrí dókítà. Òmíràn ní steroid nínú: ojú á tètè mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń kán an fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè ba iṣan ìríran jẹ́. Èyí tí ó bá bàjẹ́ báyìí kì í padà mọ́.

Èkejì ni Àpólò. Ní 1969 ni ó gba orúkọ yìí, nígbà tí ó jà ní Gánà ní ọdún tí ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sínú òṣùpá. Níbi tí ọmọ mẹ́rin ti ń sùn ní yàrá kan, kíá ni ó ń ràn. Kí ọmọ dúró sílé, kí ó lo táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, kí gbogbo ilé máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ má ṣe kán ìtọ̀, omi ṣúgà tàbí kẹrosíìnì sí i. Wọ́n lè dá egbò sí ẹyinjú.

Ẹ̀kẹta ni àìríran jìnnà. Ọmọ tí ó ń gbé wàláà sún mọ́ imú, tí kò rí ààmì kékeré tí ó ya bá'u sọ́tọ̀ kúrò lára tá'u, ó lè máà jẹ́ olódo. Kí pàṣán tó bà á, ẹ jẹ́ kí á yẹ ojú rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ awò ojú nìkan ni ó nílò, awò kì í sì í ba ojú ọmọdé jẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ojú méjì tí kò kọjú sí ibì kan náà, tàbí ọmọlójú tí ó funfun. Títí di bí ọmọ ọdún méje ni ọpọlọ ń kọ́ ìríran. Bí a bá pẹ́ jù, ìwòsàn á nira. Ọmọlójú funfun sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ tí ń pa ọmọ. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Gbàgádà, Guinness Eye Centre sì wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ kò bá ríran dáadáa, ẹ má ṣe tijú, ẹ sọ fún ààfáà yín. Kí Ọlọ́run dá ojú wa sí.