Oṣù Tí Kò Sí Ohun Tí A Ó Ká

Nílé wa, òjò ló ń pàṣẹ fún àgbẹ̀. Kí oṣù Kẹta tó dé, àgbẹ̀ á ti ṣán oko, á ti sun ún, á wá máa wo ojú sánmà. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí ilẹ̀ mu yó, àgbàdo á wọlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àáró á ti mọ oko ẹni tí wọ́n á kọ́kọ́ lọ: lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ, títí á fi kárí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó nilẹ̀. Olóko mọ oko rẹ̀, ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́ náà sì mọ̀ pé tòun ń bọ̀ lọ́nà.

Lóṣù Kẹta yìí kan náà, nílùú New York, àwọn aládùúgbò kan á ṣí ilẹ̀kùn ọgbà kékeré tó wà láàárín ilé gíga méjì láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ lè bá nọ́ọ̀sì láàárín wọn, ẹ lè bá awakọ̀, tàbí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tọ́jú kì í ṣe ti ìkankan nínú wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti ìjọba ìlú ni. Kò sì tíì sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ká níbẹ̀.

Òtútù ló ń pàṣẹ fún àwọn yẹn. Òjò tiwọn ń rọ̀ yípo ọdún, kì í ṣe òun ni wọ́n ń retí. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni alẹ́ tí ìrì máa ń dì, tí omi inú ewé á di yìnyín, tí ewé náà á sì ti rọ, á ti dúdú, kílẹ̀ tó mọ́. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣì lè dé lóṣù Kẹrin. Nítorí náà, ohun ọ̀gbìn tó gbójú nìkan ni wọ́n ń gbìn lóṣù Kẹta: spinach, lẹ́túùsì, àlùbọ́sà. Inú ilé ni tòmátì àti ata ti ń hù, nínú ike kéékèèké lójú fèrèsé. Ó máa ń di nǹkan bí àárín oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó lọ́ wọn síta. Ilá á dúró jù wọ́n lọ, torí bí wọ́n bá sọ ọ́ sílẹ̀ tútù, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Aáyù tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ látoṣù Kẹwàá ló máa ń kọ́kọ́ yọrí.

Iṣẹ́ tó kù, iṣẹ́ àìrí èrè ni. Wọ́n á ṣa ike àti ọ̀rá tí atẹ́gùn kó wọlé. Wọ́n á rẹ́ ẹ̀ka tó kú lára igi, wọ́n á tún fẹ́ǹsì tó wó ṣe. Wọ́n á yí ààtàn tí wọ́n ń da èèpo ọsàn àti ewé gbígbẹ sí láti ọdún tó kọjá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ilẹ̀dú. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á bu ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀, á fún un mọ́wọ́. Bó bá lẹ̀ pọ̀ tí kò fọ́, kò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀, torí ilẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ nígbà tó tutù rinrin máa ń le bí òkúta bó bá gbẹ. Pòròpórò òdòdó tó ti gbẹ pàápàá, wọn kì í yára gé e, nítorí pé inú ihò rẹ̀ làwọn oyin ìgbẹ́ kan ti ń sun òtútù.

Ẹni tó bá tilé wa débẹ̀ á rí nǹkan kan tó máa yà á lẹ́nu: wọn kì í sábà gbin ẹ̀fọ́ sílẹ̀ gan-an. Àpótí pákó tí kò nísàlẹ̀ ni wọ́n ń tò, tí wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ kún un. Ilẹ̀ yẹn sábà máa ń ní òjé nínú. Ilé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé tí wọ́n fi ọ̀dà olójèé kùn, tó sì wó mọ́bẹ̀.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, owó tán lápò ìjọba New York. Ọ̀pọ̀ onílé pa ilé wọn tì, iná jó òmíràn, ìjọba sì gba àwókù wọn nítorí gbèsè owó orí ilé. Ààtàn ló kún ibẹ̀. Lọ́dún 1973, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Liz Christy àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ palẹ̀ irú àwókù bẹ́ẹ̀ mọ́ níkòríta Bowery àti Houston. Wọ́n pe ara wọn ní Green Guerillas. Lọ́dún 1974, ìjọba yá wọn nílẹ̀ náà ní dọ́là kan lóṣù. Ní Brooklyn àti Bronx, àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá láti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ní Amẹ́ríkà àtàwọn ará Puerto Rico, àwọn tí oko dídá kò ṣàjèjì sí, ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò tiwọn. Àwọn ará Puerto Rico tiẹ̀ kọ́ ahéré onípákó sínú ọgbà, wọ́n ń pè é ní casita. Lọ́dún 1978 ni ìjọba dá GreenThumb sílẹ̀ láti máa fún àwọn ọgbà yìí níwèé àṣẹ, pákó àti iyẹ̀pẹ̀.

Àmọ́ ìwé àṣẹ kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Nígbà tó di 1999, tí ilẹ̀ ti gbówó lérí, olórí ìlú, Rudy Giuliani, fẹ́ ta ọgbà tó ju 100 lọ ní gbàǹjo. Ó ní ìlú nílò ilé gbígbé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, torí owó ilé ń pa mẹ̀kúnnù níbẹ̀. Àwọn ológbà fẹ̀hónú hàn, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Nígbà tí gbàǹjo ku ọ̀la, ẹgbẹ́ Trust for Public Land àti ẹgbẹ́ tí òṣèré Bette Midler dá sílẹ̀ rà wọ́n ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Lọ́dún 2002, ìjọba tó tẹ̀ lé e ṣàdéhùn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbà tó kù á dúró, wọ́n á sì kọ́lé sórí àwọn díẹ̀. Lónìí, ọgbà tó wà lábẹ́ GreenThumb ju 500 lọ.

Ibi tí àáró wa àti tiwọn ti yàtọ̀ rèé. Àgbẹ̀ wa ń ro oko nítorí pé ó ní ilẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju pé wọ́n ń ro ó lọ. Bí wọ́n bá jáwọ́ lọ́dún méjì, ààtàn á padà, ẹni tó fẹ́ tà á á sì rí ohun wí. Nínú oṣù Keje, gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ọgbà: tòmátì ti pọ́n, ibòji wà, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Oṣù Kẹta ló ń fi ẹni tó ni ín hàn.

Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé Bronx, tí ó ń wá ibi tí òun á gbin tẹ̀tẹ̀ àti ilá sí, kó má ṣe dúró di ìgbà ooru. Àpótí kì í tó èèyàn nínú ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹni tí wọ́n bá mọ ojú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ni wọ́n ń rántí nígbà ìpín. Kó lọ nígbà tí òtútù ṣì wà, kó mú ìbọ̀wọ́ dání, kó kí àwọn àgbà tó bá níbẹ̀, kó sì béèrè èwo ló kù láti ṣe.