Yàrá Gbígbóná Kò Tó: Ìgbà Òtútù Nínú Ilé ní London

Ní oṣù December, oòrùn a máa wọ̀ ní London kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bí àwọn ọmọ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Nítorí owó iná, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá a kóra jọ sí yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n mú gbóná. Ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ dára lójú wa, nítorí níbẹ̀ ni ọmọ ti ń gbọ́ èdè lẹ́nu òbí rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí yàrá gbígbóná kò lè fún ọmọ. Oòrùn tó bá kan awọ ni ara fi ń ṣe fítámì D, èyí tí ń mú egungun le. Láti October títí di ìbẹ̀rẹ̀ March, oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lágbára tó fún iṣẹ́ yìí. Àwa aláwọ̀ dúdú sì nílò oòrùn ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Bí fítámì yìí kò bá tó lára ọmọ, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀, kí ó sì tẹ̀.

Ẹja Titus àti ẹyin ní díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kì í sábà tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn elétò ìlera ibẹ̀ fi dámọ̀ràn máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù, àti yípo ọdún fún aláwọ̀ dúdú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ di ìlọ́po, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ léwu. Ní ti ìkókó, ẹ béèrè ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.