Adelé Kan ní Miami

Ẹni tó bá ti mọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tẹ́lẹ̀ ni ẹnu máa ń yà jù bó bá dé Amẹ́ríkà, tó rí i pé eré tí wọ́n fi orúkọ ẹsẹ̀ pè níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, àyà ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré, àti pé nínú ọkùnrin mọ́kànlá tí ẹgbẹ́ kan kó wọ pápá, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ojú ń wò. Kọ́tábáàkì ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì ní ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ tí yóò fi pinnu ẹni tí òun máa jù ú sí, nígbà tí àwọn òmìrán ẹgbẹ́ kejì ti ń ya bọ̀ wá gbé e ṣánlẹ̀. Nítorí ìgbéṣánlẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í fi í wà láìní adelé, ọkùnrin kan tó ń kọ́ gbogbo ète ìjà bí ọba ti ń kọ́ ọ, tó wá ń dúró létí pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́ kedere nígbà tí ti ẹlòmíràn kún fún ẹrẹ̀. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun ti adelé kì í ní àgbọ́tẹ́lẹ̀. Eegun ẹnì kan ni yóò kán, wọn a ní kí ó máa bọ̀.

Bí wọ́n bá ní ká dárúkọ adelé tó ta yọ jù lọ, ẹlòmíràn lè dárúkọ Nick Foles, tó gba ipò Carson Wentz ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 tó sì gba ife fún Philadelphia kí oṣù méjì tó pé. Ní tèmi, Earl Morrall ni, ọmọ Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan, onírun kúkúrú bí ti sọ́jà, a-dé-nígbà-tí-ilé-ń-jó. Ọdún 1956 ló wọṣẹ́; San Francisco, Pittsburgh, Detroit àti New York gbé e fún ara wọn bí igbá ẹmu, kí Baltimore tó gbà á ní 1968 nítorí bí ohunkóhun bá ṣe Johnny Unitas, kọ́tábáàkì wọn. Ohun náà sì ṣe é: apá Unitas bàjẹ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Morrall bọ́ sí i, ó borí nínú 13 lára ìjà 14, wọ́n sì fi í joyè agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1969 ń dúró dè é ní Miami, níbi àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Super Bowl. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi nígbà tí Tom Matte, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dọ́gbọ́n bí ẹni ń sáré lọ sápá ọ̀tún, tó sì yí padà ju bọ́ọ̀lù sí Morrall. Jimmy Orr dá dúró nítòsí ibi àmì-ayò, kò sí ọ̀tá kankan lára rẹ̀, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Morrall kò rí i. Àárín ló ju bọ́ọ̀lù sí, ará New York kan sì gbé e. New York borí, 16 sí 7, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò sì rántí ọdún 1968 rẹ̀ mọ́ ju ọwọ́ Orr yẹn lọ. Pé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1971 Unitas tún ṣèṣe nínú àṣekágbá, tí Morrall sì dúró títí Baltimore fi borí, ìyẹn kì í dùn lẹ́nu oníròyìn tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1972, Don Shula, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti mọ̀ ọ́n ní Baltimore, san 100 dọ́là péré láti mú un wá sí Miami. Ọdún náà ló pé ẹni ọdún 38. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ẹsẹ̀ Bob Griese, kọ́tábáàkì Miami, kán. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: gbogbo ìjà mẹ́sàn-án tó ṣẹ́ kù ni Morrall kó ẹgbẹ́ náà borí, ó tún borí Cleveland lẹ́yìn rẹ̀. Ní Pittsburgh, ìjà kan ṣoṣo sí àṣekágbá, ayò dọ́gba, 7 sí 7, nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Ẹsẹ̀ Griese ti jinná. Shula ní Griese ni kó parí ìjà náà.

Griese náà ni wọ́n kó ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, nígbà tí Miami borí Washington, 14 sí 7, tí ìjà 17 sì pé láìsí ìfìdírẹmi kankan, ohun tí ẹgbẹ́ mìíràn kò tíì ṣe títí di òní. Morrall ló bẹ̀rẹ̀ 11 nínú ìjà 17 náà. Lọ́jọ́ ìwúyè, ó wọ pápá fún iṣẹ́ mìíràn: ó kúnlẹ̀ lórí koríko, ó fi ìka gbé bọ́ọ̀lù dúró, kí Garo Yepremian lè ráyè gbá a.