Òkèèrè Ni A Ti Ń Ṣọ́ Ewu Ọmọ

Kì í ṣe lásán ni àwa Yorùbá ń kí ìyá ọmọ tuntun pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Mo rí díẹ̀ nínú ewu náà lára àbúrò mi obìnrin.

Ìkòròdú ni ó ń gbé. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ó ti ń ra ẹja tí ó ń tà. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Dókítà fún un ní lisinopril, ó sì ń lò ó déédéé. Ní ọdún kejì, ó lóyún. Ó gbọ́ pé oògùn náà lè pa ọmọ inú lára, ó dá a dúró, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òótọ́ ni ohun tí ó gbọ́. Lisinopril àti losartan lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ ni kí dókítà fi methyldopa, nifedipine tàbí labetalol rọ́pò rẹ̀, kí oyún tó dé bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú lè mú kí ọmọ má dàgbà bí ó ti yẹ, ó sì lè di gìrì aboyún.

Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú. Ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkùnrin ni yóò bí. Lẹ́yìn èyí ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, ìfúnpá rẹ̀ ti di 170/110. 140/90 gan-an ti pọ̀ jù fún aboyún. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate. Ìwádìí Magpie ti ọdún 2002, tí àwọn aboyún Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí ń dín gìrì kù ju ìdajì lọ. Gìrì kò gbé e. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, a sì gbọ́ igbe ọmọ. Obìnrin ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò ọmọ, ẹ lọ wọn ìfúnpá yín nísinsìnyí, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ bi dókítà bóyá aspirin kékeré láti ọ̀sẹ̀ 12 yẹ yín. Bí orí bá ń fọ́ yín kíkankíkan, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tàbí tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn yín, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ewu náà kò sì parí ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ó lè yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ.

Àbúrò mi ti ń gbèrò ọmọ kejì. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, dókítà ni ó kọ́kọ́ sọ fún.